Irin Tí Mi Ò Lè Lá Mọ́

Mofolúwakẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ẹ kú àárọ̀, mo kí ẹ kú ọ̀sán, mo kí ẹ kú alẹ́, mú èyí tó bá àsìkò tó o ń kà á mu, kó o tọ́jú ìyókù. Olúwa tó ń ṣọ́ wa ní Ìnísà níbí, kó má ṣíjú kúrò lára ẹ ní Ìbàdàn yẹn. Gbogbo aláìsàn tó o bá fọwọ́ kàn ní ilé ìwòsàn tó o ti ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n dìde kí wọ́n máa lọ sílé wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó, àmín. Ìyá ẹ Ojúọlá kí ẹ. Ewúrẹ́ ẹ náà kí ẹ, ó ti bímọ méjì, àwọn méjèèjì jọ mí, wọ́n rẹwà. Ní tèmi, mi ò tí ì dàgbà rárá, níjẹta ẹnì kan ní Òkukù ṣì bi mí bóyá mo ti níyàwó.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Bó o bá rí ibi tí bírò ti ya ìwé, agbára ni. Pírámárì fáìfù ni mo dé, ṣùgbọ́n àwọn tó ka ìwé jù mí lọ ló ń gbé ọ̀kadà wá fún mi tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ ló wà nílẹ̀. Hameedat tó ń lọ ata ní ọjà Ìnísà gbé ẹ́ńjìnnì ìlọta ẹ̀ wá fún wa pé ká bá òun tún un ṣe. Abẹ́ páànù, níbi tí àwa mẹkáníìkì mẹ́sàn-án ti jọ ń ṣiṣẹ́, la gbé e sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, a wá a tì. Opó ni Hameedat, ata lílọ yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ó jókòó sórí táyà, kò sunkún, ó kàn ń wo ojú wa níkọ̀ọ̀kan. Ì bá sunkún, ì bá sàn fún mi ju wíwò yẹn lọ.

Alága wa, Bàbá Oyèdélé, wá ní ó tán, gbogbo wa máa fi irin búra ní Sátidé, aago méjìlá ọ̀sán. O mọ irin yẹn, irin ńlá dúdú tó wà lẹ́bàá òpó, tó o máa ń bẹ̀rù nígbà tó o wà ní kékeré. Èèyàn á kúnlẹ̀, á fi ahọ́n lá a, á ní bí òun bá ń parọ́ kí irin pa òun. Ẹni tí ò bá lá a, òun lolè, kó kẹ́rù ẹ̀ jáde, wọ́n á sì kéde orúkọ ẹ̀ láti Òkukù dé Ìkìrun pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀kadà fún un mọ́.

Akeem ní ká ṣe é kíá, ebi ń pa òun. Mùsùlùmí ni Akeem o, kì í pa ìrun jẹ, ṣùgbọ́n ó ní irin ò béèrè ibi téèyàn ti ń kírun. Èmi ní mi ò búra. Mo ní Jésù tí mò ń sìn ní ká má fi nǹkan kan búra, bí mo bá ní mi ò mú un, mi ò mú un nìyẹn. Akeem pariwo, ó ní ẹ wo ẹni mímọ́ o, ìwọ tó o máa ń yọ púlọ́ọ̀gì tuntun lára ọ̀kadà oníbàárà, kó o fi ògbólògbó síbẹ̀! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Kí n tó wọ sùtánà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo burú, mo burú débi pé àwọn tó burú ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Mo wá sọ fún wọn pé mo ní ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́rú yẹn, Ìkìrun ni mo wà látàárọ̀, ní báǹkì tó o ní kí n lọ. Mo wọ sùtánà mi kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn gidi ló wọlé, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà wá ń bi mí pé bàtà mi dà. Mo ní ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bá mi kó owó sí ni? Ọmọbìnrin kan fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù. Mo rò ó dáadáa, mo kọ Akeem, torí àárín ìjókòó mi àti tiẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Nígbà tí mo délé nìyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lóye pé ẹni tó máa kó owó mi bí mo bá kú nìyẹn. Akeem! Láti ọjọ́ yẹn, àdúrà ẹ̀mí gígùn ni mò ń gbà láàárọ̀ lálẹ́.

Bí mo ṣe jáde ní báǹkì báyìí, fóònù tó o rà fún mi dún. Oníbùrẹ́dì kan bá mi kà á, ó ní ẹnì kan ń béèrè báwo ni báǹkì náà ṣe rí. Mofolúwakẹ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń lọ síbẹ̀! Ó rí mi. Ó tún to ìràwọ̀ márùn-ún sílẹ̀ pé kí n tẹ èyí tó wù mí, mo tẹ gbogbo ẹ̀, torí ó ṣèèyàn. Fóònù náà ni mo gbé fún Bàbá Oyèdélé pé ẹlẹ́rìí mi rèé, kí wọ́n pè é. Akeem ní fóònù fúnra ẹ̀ ló ń bi gbogbo ayé bẹ́ẹ̀, ó ti bi òun náà nípa ilé onígbàjámọ̀ kan rí. Mo ní á jẹ́ pé òṣìṣẹ́ gidi ni, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Alága ní ẹlẹ́rìí tí òun ò fojú rí, òun ò gbà á, àti pé wọ́n ti lè gbé ẹ́ńjìnnì náà kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́. Mo fẹ́ sọ pé Olúwa mi náà, a ò fojú rí i, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Jọ̀ọ́, bóyá Ìbàdàn ni onítọ̀hún ń gbé, bá mi wá a, kó kọ ìwé kékeré kan, kó lu òǹtẹ̀ sí i.

Ìyá ẹ ò sùn. Ó ní kí n lá irin náà, kí n lọ fomi àdúrà yọ ẹnu mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pé ta ló máa rán ẹ níléèwé bí wọ́n bá lé mi? Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù lọ bá Wòlíì Dáraolúwa, mo rò pé wọ́n á fún mi ní sáàmù kan tí n bá kà á, irin á yọ́. Wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Wọ́n kàn bi mí pé, Ọlọ́rundáre, ṣé o ti lá irin yẹn rí?

Mo dìde, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé láìdágbére. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi kì í lọ láìdágbére.

Òní ti di Mọ́ńdè. Ẹni tó fẹ́ bá mi mú lẹ́tà yìí ò lọ sí Ìbàdàn mọ́, ìyẹn ni mo fi ń kọ èyí kún un. Bó o bá dúró, jókòó.

Ní Sátidé, àwọn mẹ́jọ ti lá a, Akeem lá a lẹ́ẹ̀mejì kó lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn mí. Hameedat wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní mi ò ní lá a, torí mo ti lá a rí.

Mo ní Bàbá Oyèdélé, ṣé ẹ rántí àpótí sípánà tí ẹ̀gbọ́n yín tó kú fi sílẹ̀ fún yín, tó sọnù lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn? Èmi ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà lọ́jọ́ tí gbogbo wa búra. Mo lá irin yín, mo tún ń pọ́nnu lá, mo ní ẹ bu iyọ̀ sí i. Irin ò pa mí, ṣe ni mo ń sanra. Bọ́ládélé nìkan ni ò lá a, onítẹ̀bọmi yẹn, tó ní Jésù ò gbà fún òun. A pè é lólè. Ohùn tèmi ló ròkè jù. Èmi ni mo da ẹrù ẹ̀ sójú títì, tó fi kó lọ sí Ìgbàyè.

Mofolúwakẹ́, báàgì iléèwé ẹ aláwọ̀ búlúù yẹn, tó ní labalábá lára, owó sípánà yẹn ni mo fi rà á. Má bínú.

Akeem ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu ahọ́n ẹ̀. Bàbá Oyèdélé ṣí fìlà, wọ́n ń wo inú ẹ̀ bíi pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti mú irin táyà lọ́wọ́, mo dijú. Hameedat ló sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè tẹ́nì kankan ò bi í, òun ò gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló gbé ẹ́ńjìnnì òun, ẹ wá a síbòmíì. Bàbá Oyèdélé wá ní ti ẹ́ńjìnnì, àwọn ò mú mi, ṣùgbọ́n ti àpótí, kí n kẹ́rù mi kúrò níwájú àwọn. Mo kó o.

Abẹ́ igi kajú iwájú ilé wa ni mo wà báyìí. Láti Sátidé, ewúrẹ́ ẹ nìkan ló ń wá kí mi. A ò tí ì rí ẹ́ńjìnnì. Ìyá ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé oúnjẹ fún mi, ẹran wà nínú ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo gbọ́ ọ̀kadà. Bọ́ládélé ni. Bàbá Oyèdélé fúnra wọn ló pè é ní Ìgbàyè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dúró tì mí. Ó ní ìyá òun kú ní Ìnísà níbí, ẹ̀yìnkùlé lòun gbà wọlé wá sin ín. Mo kàn ń gbọ́ ọ, iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu mi. Nígbà tó yá ó bi mí pé, ṣé wọ́n ti lé ẹ? Mo ní wọ́n ti lé mi. Ó wo igi kajú, ó wo irinṣẹ́ mi tí mo tẹ́ sórí àpò, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ló ti ọ̀kadà ẹ̀ wá síwájú mi, ó ní ṣéènì ẹ̀ ń pariwo.

Mo nílò owó, ọmọ mi. Kì í ṣe fún oúnjẹ. Mo fẹ́ ra àpótí sípánà tó pé fún Bàbá Oyèdélé. Tèmi ò tó, bá mi fi díẹ̀ kún un. Má fi sí báǹkì o, kí n má lọ kú lọ́nà kí Akeem kó o, títí n ó fi lọ kọ orúkọ ìyá ẹ síbẹ̀. Fi rán awakọ̀ Òkukù.

Kí Olúwa fún ẹ ní ẹnu tí ò ní dójú tì ẹ́ lọ́la. Ibi tí wọ́n bá lé ẹ dé nítorí òtítọ́, kó o bá ẹni tó máa ní káàbọ̀ níbẹ̀. Sọ fún ẹni inú fóònù yẹn pé mo dúpẹ́, kó má wulẹ̀ wọkọ̀ bọ̀ mọ́, mo ti jẹ́rìí ara mi.

Èmi ni bàbá ẹ tó ṣì rẹwà,
Ọlọ́rundáre.