Igi Agbálùmọ̀ Bàbá Rẹ Kò Lè Dúró De Oṣù Júláì

Ilé wa, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí,
Agbówà.

Sọ̀fíyàt Àníkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ooru Ìkòròdú ńkọ́? Mujeeb ọkọ rẹ lọ́la ńkọ́? Ọlọ́hun tó dá ọ sí títí di òní kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ. Bí o bá ń béèrè èmi, ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ràn mi mọ́. Adìẹ rẹ funfun ti pamọ, wọ́n sì ti tún òrùlé mọ́ṣáláṣí ṣe, òjò kò lè pa wá lórí ìrun mọ́.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù mi ti yadi, ìwọ lo sì fà á. O ní kí n fi agbálùmọ̀ igi bàbá rẹ hàn ọ́ nínú fóònù tó ń gbé ojú ẹni, mo sì rò pé bí mo bá gbé e jìnnà o ò ní rí i dáadáa, ni mo bá là á, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù lójú, oje rẹ̀ sì ṣàn wọlé. O mọ bí oje agbálùmọ̀ ṣe ń lẹ̀. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ tónítóní, mo sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ tábìlì ohun dídùn tí o fẹ́ ṣe níbi ìgbéyàwó yín ti yé mi wàyí. Nígbà tí o kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, tí mo rí ife wẹ́wẹ́ tí kò ju èyí tí a fi ń wọn oògùn ikọ́ fún ọmọdé lọ, ẹ̀rù bà mí, mo ní àbí ìyàn ti mú ní Ìkòròdú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní oyin máa wà níbẹ̀, àádùn máa wà níbẹ̀, àti àgbọn, àti ìrèké, àti ọ̀pẹ̀yìnbó Agbówà, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ mi kò gbàgbé ilé. Ṣebí tábìlì àdúrà ni. Ìtọ́wò lásán ni, ta ló ń jẹ oyin àdúrà yó? Mo ti yan àwọn ìyá tó máa dúró ti ife kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan nǹkan láìjẹ́ pé wọ́n ti fi ṣàdúrà fún un. Bí àlejò bá tó igba, kí wọ́n tò, wọ́n á máa gba àdúrà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lateefat, ọmọbìnrin tí o ní kó ṣètò tábìlì náà, ní ẹ̀kọ́ ilé. Kí fóònù mi tó dákẹ́, ó fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́, Mọ̀nsúrát aládùúgbò wa tó ń ta omi tútù ló kà á fún mi. Ó béèrè oúnjẹ tí ara àwọn àlejò wa kì í gbà. Inú mi dùn pé ọmọ òde òní ṣì mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn béèrè èèwọ̀ kó tó dáná. Mo ní kí Mọ̀nsúrát kọ ọ́ pé ilé bàbá rẹ kì í jẹ òkété, pé ilé ìyá mi kì í jẹ ìgbín, àti pé àwọn ará ilé Fáṣínà kì í fẹnu kan ohun tí ará ilé Oyèdèjì bá sè, láti ìgbà ìjà ilẹ̀. Lateefat fèsì pé òun kò ní fi òkété sí i. Mo ṣàdúrà fún un gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. O ní nínú gbogbo rẹ̀, agbálùmọ̀ igi bàbá rẹ ló gbọ́dọ̀ wà láàárín tábìlì, kí ó lè dà bí ẹni pé olóògbé náà wà níjòókòó. O sunkún nígbà tí o ń sọ ọ́, èmi náà sì sunkún. Ṣùgbọ́n oṣù Júláì ni ìgbéyàwó. Àníkẹ́, ta ló rí agbálùmọ̀ rí ní Júláì? Ìyeyè ni Ọlọ́hun fún Júláì. O ní kí n kó o pamọ́ sínú fíríísà Mọ̀nsúrát, mo sì gbọ́ràn, mo kó díẹ̀ síbẹ̀ wò. Nígbà tó jáde, a ò lè fi eyín kàn án. Nígbà tó yọ́, ó di omi, omi náà sì ń rùn bí ẹja tí Mọ̀nsúrát tọ́jú sísàlẹ̀. Bàbá rẹ kò ṣe ohun tí a fi lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rántí rẹ̀.

Bóyá o ò rántí ìgbà tí igi yẹn kọ́kọ́ so. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ ni bàbá rẹ gbìn ín, o sì ti ń lọ sílé ìwé kó tó so ẹyọ kan péré. Gbogbo wa dúró yí i ká. Bàbá rẹ là á, ó fi sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ nítorí pé ó kan gógó, ṣùgbọ́n kò tu ú dànù. Ó gbé e mì, ó ní, “Ó dùn. Èso igi yìí la ó fi ṣe ìyàwó Sọ̀fíyàt.” Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Nítorí náà, mo di agbálùmọ̀ kún agbọ̀n, mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ bá àna wa, Wàsílátù ìyá Mujeeb. Mo ṣàlàyé fún wọn pé gbọ̀ngàn tí o sanwó rẹ̀ kì í jẹrà, bí a dé ibẹ̀ ní Júláì ibẹ̀ ló máa wà, bí a tètè dé ibẹ̀ náà ló máa wà, agbálùmọ̀ ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ ọ̀kan, wọ́n tún mú òmíràn, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ mí ni pé kí ọ̀bọ̀kún yíyan tiwọn náà wà lórí tábìlì yẹn, nítorí a kì í gbéyàwó fún ọmọ Ẹ̀pẹ́ kí ẹja má sí níbẹ̀. Mo gbà, mo tiẹ̀ ti yan ẹni tó máa dúró tì í. Kí o sọ fún Lateefat kó wá ife tó gùn fún un.

A ti mú ìgbéyàwó náà wá sí Sátidé kejì lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, kí èso tó tán lórí igi. Àáfà Bùsàrí ní ààyè máa gba òun láti wá so yìgì. Mujeeb ní bí ìyá òun bá ti gbà, òun gbà, mo sì ní kó má tíì sọ fún ọ, kí o lè gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tìrẹ. Gbogbo ẹbí ti gbọ́, ìwọ nìkan ló kù. Jọ̀wọ́, bá wa sọ fún àwọn tó ni gbọ̀ngàn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo àádùn àti oyin, àti fóònù mìíràn tí kò bẹ̀rù agbálùmọ̀. Má fi gba báǹkì, ojú wọn ń tì mí. Wọ́n kọ̀wé kí mi kú ọjọ́ ìbí lórí fóònù, ni mo bá gbé agbálùmọ̀ lọ fi dúpẹ́, wọ́n ní àwọn kọ́, ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà hàn mí kí n kí i, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ni kí o fún.

Ó ku ohun kan. Oyin ní àdúrà, àádùn ní àdúrà, ìrèké ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti bi gbogbo àgbà Agbówà, kò sẹ́ni tó gbọ́ àdúrà agbálùmọ̀ rí. Mo wá ṣe é fúnra mi, èmi ni mo sì máa dúró ti ife yẹn. Gbọ́ ọ. Agbálùmọ̀ kì í dùn kó má kan díẹ̀. Kíkan ilé ọkọ rẹ kò ní pọ̀ ju adùn rẹ̀ lọ. Oje agbálùmọ̀ kì í tètè fi ètè sílẹ̀. Ìwọ àti Mujeeb kò ní fi ara yín sílẹ̀. Ẹ ó gbìn, ẹ ó dúró jẹ, àwọn ọmọ yín á bá yín jẹ níbẹ̀. Àmín.

Mo jẹ ọ̀kan láàárọ̀ yìí kí n tó mú bírò. Àníkẹ́, ó dùn. Irọ́ tí bàbá rẹ pa lọ́jọ́ yẹn ti di òótọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùlíkátù.