Àrọ Sinimá Tó Wà Létí Ìyá Àgbà

Ojúlé Àjíṣafẹ́,
Ìlútítun.

Juliet ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àfaradà èrò Èkó. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìròyìn ayọ̀ wa sọnù lọ́nà. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìyá rẹ Eunice ń fún epo lọ́wọ́, òjò sì ti ba ọ̀nà Osooro jẹ́.

Sípíkà méjèèjì tí o rà ní gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́ ní Okitipupa ti dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ń tọ́jú wọn títí awakọ̀ yóò fi wá kó wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga dé àyà mi. Ẹnu àrọ orí wọn fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn elépo fi ń bi ìyá rẹ bóyá a fẹ́ máa rọ epo sínú tánkà. O ní inú pálọ̀ ni ìwọ yóò gbé wọn sí, kí o lè máa wo sinimá nílé. Mo rò ó títí. Ohun tí igba ènìyàn fi ń gbọ́ fíìmù, kí ni ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ìwọ yóò máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún àlejò ni? Onílé rẹ ńkọ́? O tún ní àga kan ṣoṣo ni ohùn ti ń dára jù. Bí èmi àti ìyá rẹ bá wá, ta ni yóò jókòó sí i? Mo béèrè kí n lè mọ̀ ni, kì í ṣe láti tọpinpin.

Èyí tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Ẹnu ọ̀nà wa kò gba ọ̀kan nínú wọn, ni Benedict káfíńtà bá tú àrọ náà kúrò lára àpótí àti irin wúwo tó wà nídìí rẹ̀. Má bínú, ó kó àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, mo sì kọ iye wọn sílẹ̀. Ìyá àgbà rẹ Salome, tí etí rẹ̀ ti di, tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́ta wá, jókòó tì í, ó sì gbé etí lé ihò kékeré ìdí àrọ náà bí ẹni tó fẹ́ fi orí sinmi. Ìyá rẹ kò kíyè sí i. Níwájú ẹnu fífẹ̀ náà ló dúró sí tó ń sọ fún mi pé Ìyá àgbà ló tún jẹ ẹja inú ìkòkò. Kíá ni Ìyá àgbà dáhùn pé òun kò fọwọ́ kan ẹja, pé èmi Dominic ọmọ òun ni mo ń jẹ ẹ́, àti pé ojú òun kò tíì fọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn kò kàn wá nínú lẹ́tà yìí. Ohun tó kàn wá ni pé ó gbọ́. Iná kò sí, a kò sì so wáyà kankan mọ́ ọn. Ìyá rẹ kúnlẹ̀ síwájú àrọ, ó ń tọrọ àforíjì, ó ń sunkún. Láti ìgbà náà ni Ìyá àgbà ti ń béèrè gbogbo ohun tó kọjá láti ọdún mẹ́ta, títí kan ikú àbúrò rẹ̀, tí a ti fi ọwọ́ júwe fún un nígbà náà, ṣùgbọ́n tó ní òun rò pé ìrìn-àjò ni à ń wí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Juliet, ṣé etí rẹ ni? Ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́rọ̀ dáadáa kì í wá irú àrọ yìí méjì sínú pálọ̀. Abájọ tí o fi máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ dípò kí o pè wá. Nítorí náà ni n kò ṣe pè ọ́ lórí fóònù, tí mo fi kọ ìwé. Má fi pa mọ́ fún mi. Bí etí rẹ bá ń di, n óò kó sípíkà méjèèjì ránṣẹ́ sí ọ, n óò sì wá ọ̀nà mìíràn fún Ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fàájì ni, mo bẹ̀ ọ́, fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ Sátidé ni awakọ̀ ń bọ̀, tètè fèsì. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, kí Benedict lè kan ẹsẹ̀ sí àrọ náà, nítorí ọwọ́ tí Ìyá àgbà fi ń dì í mú ti ń ro ó, kò sì gbà kí á gbé e kúrò létí òun.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò máa dá ọ lóhùn sí inú ilé rẹ. Àmín. Ìyá àgbà ní kí n kí ọ. Ó ní nínú gbogbo ọmọ ilé yìí, ohùn tìrẹ nìkan ló kù tí òun kò tíì gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dominic Àjíṣafẹ́.