Ibi Tí Igi Máa Wó Sí

Bàbá mi tó sùn ní Agbonou,

Òjò ti dé. Ìyá ti gbin àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín. Ẹ má bínú, ẹ mọ̀ pé kò lè rí ilẹ̀ kó má gbin nǹkan sí i.

Afi ọmọ mi ti ń rìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ yín, tẹ́ ẹ jọ ń rìn yí àgbàlá ká, ẹ ò dúró wò ó. Kí lẹ kánjú sí? Bó bá wúkọ́ lásán, àyà mi á já. Látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé èémí ẹnikẹ́ni mọ́.

Bàbá, ọkọ mi ti ríṣẹ́ bíríkìlà ní Kourou, ní Guyane, lódìkejì òkun, níbi tí wọ́n ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sójú ọ̀run. Ó fẹ́ kí èmi àti Afi wá bá òun. Ọjọ́ Àìkú ló fẹ́ gbọ́ èsì mi.

Wọ́n kọ́ wa nípa ibẹ̀ ní lísè, nílé ẹ̀kọ́ girama. Ayé ń yí, agbedeméjì rẹ̀ ló sì ti ń sáré jù. Kourou sún mọ́ agbedeméjì yẹn, nítorí náà ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bá wọn ti rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ìjì ńlá kì í sábà dé ibẹ̀. Ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n sábà ń yìn ín sí, òkun ló sì wà níwájú, kò sílé, kò séèyàn. Bó ti ń gòkè ló ń já apá kan ara rẹ̀ sílẹ̀, omi á sì gbà á.

Ẹ̀yin ni mò ń rò lọ́jọ́ yẹn ní kíláàsì. Bí wọ́n bá fẹ́ gé igi, àwọn ẹlòmíràn á kàn mú àáké. Ẹ̀yin á kọ́kọ́ rìn dé ibi tí igi máa wó sí, ẹ á fẹsẹ̀ tú koríko wò, bóyá àparò ń sàba níbẹ̀. Ẹ á kígbe sínú igbó, ẹ á fà mí sẹ́yìn yín, kí àáké tó dún. Àwọn ará oko ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé koríko lẹ ń bá ṣèpàdé.

Ta ló máa bá mi rìn débẹ̀ báyìí? Tí mo bá gbéra, ohun tó máa já lára mi ò ní bọ́ sómi. Orí Ìyá ló máa wó lé. Tí mo bá sì dúró, inú fóònù nìkan ni Afi ti máa mọ bàbá rẹ̀, bó ṣe mọ̀ yín nínú fọ́tò.

Lánàá, mo kúrò ní Atakpamé, mo wá sílé Ìyá, mo wo ibi tí igi máa wó sí bíi tiyín. Mo wo ibùsùn Ìyá, ìkòkò omi rẹ̀, ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa. Ìyá mọ ohun tí mo wá wò. Ó gbé Afi dúró lórí ẹsẹ̀ òun alára, ó bá a rìn gba àárín àgbàdo yín bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ náà fún mi.

A máa lọ, Bàbá. Mo ti sunkún tán. Irọ́ ni, mi ò tíì sunkún tán.

Mo wo máàpù. Láti Kourou, ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni ìlà-oòrùn wà. Ohun tó bá gbéra níbẹ̀, apá ibi tẹ́ ẹ sùn sí ló ń kọjú sí.

Èmi ni,
ọmọ tẹ́ ẹ máa ń fà sẹ́yìn yín.