Ọsàn Oyèdọ̀tun Nìyí

Ìyá àgbà, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́nu kànga pé erìgì Oyèdọ̀tun dúdú, pé ẹnìkan nínú ilé yìí ló ń ṣe é, pé ìyá rẹ̀ tó wà ní Èkó kò tíì mọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ sóko láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ kún orí ìrọ̀rí, mo sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má bínú. Ó ń sùn lọ́dọ̀ Ìyá Mobọ́lájí ní ilé kejì. Mo ti lọ sí ọjà Òkè-Ìlá. Tó bá jí, ẹ bó ọsàn yìí fún un. Mo mọ̀ pé nítorí jẹ̀díjẹ̀dí lẹ ṣe kà á léèwọ̀ fún un. Èmi ìyàwó ilé yín ò lè wò yín lójú sọ ọ́, ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ gan-an nìyí: "Àìjẹ èso ló ba erìgì ọmọ yìí jẹ́. Bá mi bẹ ìyá àgbà, kí wọ́n jẹ́ kó jẹ ọsàn."