Kírísítà Tẹ́ Ẹ Ń Sá Fún

Bàbá Anke, ẹ má pa kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín o, ẹ má sì gbé fáànù kúrò lórí ẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀, mo yọ kírísítà, nǹkan kékeré tó ń pinnu bí káàdì tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń yára tó. Mo wá fi èyí tẹ́ ẹ ti tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀ láti ọdún méjì sí i, tẹ́ ẹ ń sọ pé, "Heike, ó máa jó." Eré mẹ́gáháàtì àádọ́ta ló ń sá tẹ́lẹ̀. Ó ti di mẹ́rìndínláàádọ́rin báyìí, kò sì jó.

Àwòrán ojú ẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, torí pé ó ń gbóná, ni mo bá lọ tú fáànù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá láti máa fi fẹ́ ẹ. Torí náà, ẹ ṣí fèrèsé tẹ́ ẹ bá wọbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo tọrọ àforíjì fún.

Mo ti lọ sọ́dọ̀ màmá mi. Ẹ má wulẹ̀ lọ purọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ yín, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́, ní Sátidé pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Mo ti pe Volker alága yín. Ó ní kẹ́ ẹ jókòó sílé, kí èmi máa bọ̀ dípò yín.