Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ohun Tí Iṣan Ń Ṣe

Adúmáadán, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo sì tún ọ kí. Ṣé dáadáa lo jí, ṣé o ń jẹun lásìkò, ṣé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí? Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní gbàgbé ọ sí ìlú ńlá yẹn, ẹsẹ̀ tí o fi ń gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ yín kò sì ní yẹ̀, àmín. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a wà, à ń jẹ, à ń mu. Bàbá rẹ ti kan páànù sí ibi tó ń jò, ó wá ń jò níbòmíràn, ó ní ìyẹn gan-an ló fi hàn pé iṣẹ́ òun dára níbi tí òun kàn. Adìẹ pupa yẹn ti yé ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ tí mo ń kó aṣọ oníbàárà sí, ó sì ti sàba lé e, mi ò lè lé e, mo wá ní kí ìyàwó káfíńtà ní sùúrù fún aṣọ rẹ̀ títí adìẹ náà yóò fi pa ẹyin rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù ń gbà kọjá, gbogbo ilé tó ní eriali ló sì wà lójú ọ̀nà. Ìwé ní tirẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ pa.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ikùn mi ni. O mọ bó ṣe máa ń fà mí tí mo bá ti jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí á gba ìgbáròkó lọ sí itan, tí ìtọ̀ lásán á sì di ogun. O sì mọ̀ pé wọ́n ti ya àwòrán inú mi, tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá rán aṣọ pé ìrora tí kò sí nínú fọ́tò, ọ̀lẹ ni. Èmi náà, kí n má parọ́ fún ọ, ó ti ń ṣe mí bíi pé bóyá mò ń tan ara mi jẹ. Ìyẹn ló dùn mí jù, ó ju ìrora gan-an lọ.

Nígbà tí o wá ní kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo iṣan, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù abẹ́rẹ́ o. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, mo wá ń bẹ ìrora yẹn nínú mọ́tò pé kó jọ̀wọ́, kó má dójú tì mí níwájú àlejò.

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan ti wá bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé láti orí òdo dé orí mẹ́wàá, mélòó ni ìrora wa. Mo wo bẹ́ǹṣì, obìnrin mẹ́rin la wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wa ò tiẹ̀ lè jókòó, ńṣe ló ń fara ti ògiri. Mo pín mẹ́wàá sọ́nà mẹ́rin, ó jẹ́ méjì àti ààbọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ méjì fún mi, kí wọ́n fi ààbọ̀ tèmi kún ti ẹni tó dúró yẹn. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ìwà mi ló wú u lórí.

Òun náà ló ń wo ẹ̀rọ. Yàrá náà mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀dì kan, aṣọ ìkélé kan, àti gíláàsì kan bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ó lẹ rọ́bà pélébé-pélébé mọ́ mi nísàlẹ̀ ikùn àti nítan, wáyà wà lára wọn. Ó tún fún mi ní nǹkan kékeré kan tí kò ju ìka lọ, ó ní kí n bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé kí n fi sí ojú ara fúnra mi, kí n má kánjú, àti pé tí mi ò bá fẹ́, a ò ní ṣe é. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní ẹ̀rọ yìí kì í fi iná sí èèyàn lára, ńṣe ló ń gbọ́ ohun tí iṣan ń ṣe, tó sì ń fi ìlà kọ ọ́ sójú gíláàsì. Tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ìlà á gòkè, tó bá ń sinmi, ìlà á sùn sílẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń gbọ́, mo kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ó ní kí n sinmi, mo sinmi. Ìgbà náà ni ìyá agbálẹ̀ wọlé, àgbàlagbà tó tó bí mi, ṣé kí n wá nà gbalaja kí n máa wò ó ni? Mo fẹ́ kúnlẹ̀, wáyà fà mí padà, ìlà gòkè títí ó fi jáde lójú gíláàsì. Ọmọbìnrin náà ní ká tún bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, dókítà yọjú, mo tún gbéra. Nígbẹ̀yìn, ọmọbìnrin náà ti ilẹ̀kùn, ó lẹ ìwé mọ́ ọn níta pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé, nítorí màmá tó wà nínú máa kí wọn.

Ó wá ní kí n sún ara kì bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra, lẹ́yìn náà kí n dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìlà gòkè, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀ tán. Ó bi mí bóyá mo ti sinmi, mo ní mo ti sinmi tipẹ́. Ó ní iṣan mi kò tíì sinmi o, pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn nígbà tí mo rò pé mo sùn sílẹ̀. Inú mi dùn. Mo sọ fún un pé bí a ṣe rí nínú ìdílé wa nìyẹn, a kì í fọwọ́ lẹ́rán, mo sì bi í bóyá wọ́n máa ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sún mọ́ mi. Ó ní iṣan tó gbé ilé ọmọ àti ilé ìtọ̀ dúró ló ti di ara rẹ̀ mú láti ọjọ́ pípẹ́, kò rántí bí a ṣe ń dẹ̀ mọ́, òun ló ń dùn mí, fọ́tò kì í sì í rí irú rẹ̀. Ó yé mi. Tí òwú ẹ̀rọ ìránṣọ bá le jù, aṣọ á súnkì, bẹ́ẹ̀ o lè wo aṣọ náà títí, o ò ní rí ihò kan lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń dájọ́, àwọn á fọwọ́ yẹ̀ mí wò, àwọn á wo ohun tí ẹ̀rọ sọ, ṣùgbọ́n ohun tí èmi fúnra mi bá sọ ló ṣáájú. Ó wá bi mí ìdí tí mo fi ní méjì. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe pín in. Ó pa méjì náà rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó ní bí mo bá mú tèmi lódindi, kò dín ti ẹnikẹ́ni kù lórí bẹ́ǹṣì, kí n sọ tèmi. Mo ní mẹ́jọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni omi bọ́ lójú mi, nítorí mi ò mọ̀ pé mo lè sọ mẹ́jọ kí wọ́n má pè mí ní òpùrọ́.

Ní báyìí wọ́n ń kọ́ iṣan náà bí a ṣe ń sinmi. Mo máa ń gbé ẹsẹ̀ sórí àga, kí n máa mí wọnú ikùn díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ìsinmi, bó bá ti kọjá lójú fèrèsé á kígbe pé ṣé mo ti dẹ̀ ẹ́, gbogbo iṣan náà á sì tún le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá mi ní ìdùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó la ẹnu, bàbá rẹ ní kó má dí mi lọ́wọ́, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Ó jókòó. Nígbà tó yá ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá ẹ̀rọ náà máa ń wo àwọn tó ti dàgbà.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Tó o bá ti fi owó ránṣẹ́, owó tó ti gbó ni ọmọ báǹkì máa ń kó fún mi, mo sì mọ̀ pé tuntun lo fi ránṣẹ́, bá wọn sọ ọ́. Ti oṣù yìí, fi ra òwú dúdú díẹ̀ fún mi, kí o fi èyí tó kù tọ́jú ara rẹ. Nítorí nígbà tó o wálé kẹ́yìn, ìdí apá kan lo fi jókòó. O ki ìrọ̀rí sábẹ́, o ní mọ́tò ló gbọ̀n ọ́. Mi ò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo rí ọ. Mo mọ ìjókòó yẹn, ọmọ mi, èmi ni mo ti ń jókòó bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á fún ọ ní oorun tó dùn, ara rẹ á tù ọ́ bí ìgbà tó o wà lẹ́yìn mi, ọwọ́ tó máa tọ́jú ọ kò ní le. Lọ síbi ẹ̀rọ náà. Jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kó o tó dùbúlẹ̀. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé mélòó, má wo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì, má pín in. Sọ gbogbo rẹ̀. Èmi ti gbà ọ́ gbọ́ kí ìlà kankan tó gòkè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.