Àforíjì Lórí Ọ̀rọ̀ Fídíò Ọmọ Ọwọ́

Màmá mi,

Ara mi le, ẹ má dààmú. Ọ̀gá wa ní yunifásítì níbí sọ níwájú gbogbo èèyàn pé fídíò orí fóònù ń jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ tètè sọ̀rọ̀. Mo dìde, mo ní, "Irọ́ ni, sà. Ọgọ́rin ọmọ ni mo yẹ̀ wò ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò ran ìkankan lọ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n ní mo rí ọ̀gá fín, kí n kọ̀wé tọrọ àforíjì. Mo kọ ọ́, Màmá. Síbẹ̀ wọ́n yọ mí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀ jàre, mo ti ń ráyè sùn.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi Olúwadọ̀tun àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí o; ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Ọmọ yín,
Ọmọ́wùnmí